Ẹ̀rọ tó ń mú omi rọ̀ kọ́ ni ẹja Alimọ́ṣọ́ nílò

Ẹni tó bá ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí á mọ ohun funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù. Omi ibẹ̀ ti gba inú òkúta ẹfun kọjá. Kálísíọ̀mù àti magnesium pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ọṣẹ kì í fẹ́ hó. Ìdí nìyẹn tí àwọn onílé kan fi ń ra ẹ̀rọ tó ń mú omi rọ̀, tí àwọn tó ń sin ẹja nínú gíláàsì sì ń jiyàn: ṣé omi ẹ̀rọ yìí dára fún ẹja?

Hóró ike kéékèèké bí ẹyin ẹja ló kún inú ẹ̀rọ náà, sódíọ̀mù sì wà lára wọn. Bí omi ṣe ń kọjá, wọ́n á gba kálísíọ̀mù àti magnesium mú, wọ́n á sì tú sódíọ̀mù sílẹ̀. Tí wọ́n bá kún, omi iyọ̀ la fi ń fọ̀ wọ́n. Pàṣípààrọ̀ lásán ni, omi ò mọ́ ju bó ṣe wà lọ: bí a bá yọ líle tó tó 100 mg (tí a kà bíi calcium carbonate) kúrò nínú lítà omi kan, nǹkan bíi 46 mg sódíọ̀mù ló máa rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹja nílò kálísíọ̀mù fún egungun, àti kí iyọ̀ ara rẹ̀ má baà máa tú dànù sínú omi. Guppy, molly àti ẹja adágún Màláwì, tí omi líle bá lára mu, ló kọ́kọ́ máa ń jìyà rẹ̀. Ẹni tó sì ń wá omi rírọ̀ fún ẹja Amazon kò rí ohun tó ń wá, torí omi odò yẹn kò ní sódíọ̀mù tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ló kan Ìkòtún àti Ẹgbẹ́dá, ní Alimọ́ṣọ́ wa ní Èkó, níbẹ̀? Yanrìn ló wà lábẹ́ wa, kì í ṣe òkúta ẹfun. Omi bọ́ọ̀hóòlù wa ti rọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá. Ẹ fi ọṣẹ kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti hó. Wàhálà tiwa ni pé ó máa ń kan, pH rẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀ 6, irin sì máa ń wà nínú rẹ̀. Á mọ́ gaara nígbà tí ẹ bá pọn ọ́n. Tí atẹ́gùn bá kàn án, á pọ́n bí ìpẹtà. Ìpẹtà yẹn lè dí ibi tí ẹja fi ń mí. Ẹ̀rọ amúmirọ̀ lè gba irin díẹ̀, àmọ́ irin yóò ba àwọn hóró inú rẹ̀ jẹ́ láìpẹ́.

Ní Ìgàndo, tó wà ní Alimọ́ṣọ́ bákan náà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ ti yẹ omi kànga àyíká ààtàn Solous wò, wọ́n sì rí àmì pé omi ìdọ̀tí ń jò wọ inú ilẹ̀. Ẹ̀rọ amúmirọ̀ kì í yọ nitrate tó lè wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀, torí náà kó tó di pé ẹ ra ẹja, ẹ gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò.

Tí ilé yín bá ní ẹ̀rọ ìtọ́jú omi, ẹ bi ẹni tó ṣe é léèrè ohun tó kó sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bu omi ẹja kó tó dé èyí tó ń lo iyọ̀. Tí wọ́n bá ń da chlorine sí i, ẹ fi oògùn apachlorine sí omi náà. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i mọ́jú, ẹ jẹ́ kí irin silẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ má sì pààrọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ẹ̀rọ amúmirọ̀ fún yín ní Alimọ́ṣọ́ nítorí ẹja, ẹ fi owó yẹn ra ohun tí wọ́n fi ń wọn pH.