Àyè Òfìfo Inú Fáìlì .o: Kí Ló Yẹ Ká Wò Tí Wọ́n Bá Yí Kóòdù Relocation Padà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ C rí, ẹ mọ̀ pé a lè pe function bíi puts láìjẹ́ pé àwa la kọ ọ́. Ṣé ẹ ti bi ara yín rí pé báwo ni compiler ṣe mọ ibi tí puts wà? Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò mọ̀ ọ́n. Ńṣe ló fi àyè òfìfo sílẹ̀, tó wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé: “Ẹni tó bá mọ àdírẹ́sì puts, kó bá mi kọ ọ́ síbí.” Àkọsílẹ̀ kékeré yẹn ni wọ́n ń pè ní relocation entry. Inú object file, ìyẹn fáìlì .o, ló wà. Linker ló máa ń kà á nígbà tó bá ń so àwọn fáìlì pọ̀ di ètò kan ṣoṣo.

Kí ló wà nínú ẹ̀?

Lórí Linux x86-64, báìtì 24 ni àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun mẹ́rin ló ń sọ: ibi tí àyè òfìfo wà, symbol tí à ń wá, irú ìṣirò tí a fẹ́, àti nọ́ńbà àfikún tó ń jẹ́ addend.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣirò yẹn dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ń júwe ilé fún èèyàn, ẹ lè ní “Ojúlé 14 ni.” Ibi yòówù kó ti máa bọ̀, ojúlé 14 náà ni. Ẹ sì lè ní “Ka ilé mẹ́ta síwájú láti ibi tó o dúró sí.” Èyí á yàtọ̀ tí ẹni náà bá dúró síbòmíì. R_X86_64_64 dà bí ti àkọ́kọ́: S + A. R_X86_64_PC32 dà bí ìkejì: S + A − P. S ni àdírẹ́sì ohun tí à ń wá, A ni addend, P sì ni ibi tí àyè òfìfo ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ká ní àṣẹ call bẹ̀rẹ̀ ní 1000. Àyè òfìfo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1001, ó gba báìtì mẹ́rin, àṣẹ tó kàn sì wà ní 1005. Function tí à ń pè wà ní 1500, addend jẹ́ −4. Nítorí náà: 1500 − 4 − 1001 = 495. Kí ni −4 yẹn ń wá níbẹ̀? Ibi tí àṣẹ tó kàn ti bẹ̀rẹ̀ ni CPU ti ń ka ìrìn, kì í ṣe ibi àyè òfìfo: 1005 + 495 = 1500. Ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́.

Tí ẹni tó kọ linker bá gbàgbé addend, 499 ló máa kọ síbẹ̀. CPU á balẹ̀ sí 1504, á fo báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú function náà. Ètò lè kú lójú ẹsẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ó tún lè máa ṣiṣẹ́ lọ, kó máa fúnni ní ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Ẹni tó ni ètò á máa wo kóòdù tirẹ̀ tọ̀sán tòru, kò sì ní rí nǹkan kan, torí ọwọ́ tiẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyẹn tí àtúnyẹ̀wò kóòdù relocation ò fi gba wàdùwàdù.

Ìbéèrè márùn-ún fún alátúnyẹ̀wò

1. *Níbo ni addend wà?* Nínú irú RELA, ó wà nínú àkọsílẹ̀. Nínú irú REL, tí x86 oníbíìtì 32 ń lò lórí Linux, inú àyè òfìfo gan-an ló wà. Kóòdù gbọ́dọ̀ kà á kó tó kọ nǹkan míì lé e lórí.

2. *Ṣé ìdáhùn gba inú àyè?* Bíìtì 32 ni PC32 ní, 2,147,483,647 sì ni nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè gbà. Tẹ́ ẹ bá fipá ki 3,000,000,000 sínú ẹ̀, −1,294,967,296 lẹ máa bá níbẹ̀. Iwájú lẹ ní kó lọ, ẹ̀yìn ló gbà. Linker gidi kì í gbà bẹ́ẹ̀. GNU ld á ké pé “relocation truncated to fit”.

3. *Ṣé àyè náà wà nínú section lóòótọ́?* Èèyànkéèyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fáìlì .o tó ní offset irọ́. Ẹ ṣọ́ra fún `offset + 4 <= size`: tí offset bá tóbi gan-an, àròpọ̀ náà lè yí po padà sí nọ́ńbà kékeré. Ó sàn kí kóòdù kọ́kọ́ rí i pé size tó 4, kó tó wá yẹ `offset <= size - 4` wò.

4. *Tó bá pàdé irú tí kò mọ̀ ńkọ́?* Kó pariwo, kó sì dúró. Kó má fò ó.

5. *Test dà?* Kó kan ẹnu ààlà: 2,147,483,647 gbọ́dọ̀ wọlé, 2,147,483,648 gbọ́dọ̀ kùnà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2018

Tẹ́lẹ̀, PC32 ni assembler binutils máa ń kọ fún call lórí x86-64. Lọ́dún 2018, wọ́n yí i sí PLT32, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4, ó sì jáde nínú binutils 2.31. Àmọ́ kóòdù tó ń gbé module wọnú Linux kernel ò mọ irú yìí rí. Kò méfò o. Ó kọ module náà, ó sì sọ ìdí ẹ̀: “Unknown rela relocation: 4”. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ti tó láti mọ ibi tí wàhálà wà.

H.J. Lu fi àtúnṣe ránṣẹ́: kí kernel máa ṣe PLT32 bó ṣe ń ṣe PC32. PLT jẹ́ àtẹ tí ètò ń gbà kọjá lọ bá function inú shared library, kernel ò sì ń lò ó. Àtúnṣe náà kéré, síbẹ̀ fáìlì mẹ́ta ló kàn, torí ibi mẹ́ta ni kernel ti ń ka relocation: níbi module, níbi kexec, àti nínú irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń kọ́ kernel fúnra ẹ̀. Alátúnyẹ̀wò tó bá wo ibì kan ṣoṣo á fọwọ́ sí iṣẹ́ tí kò tíì parí.

Tẹ́ ẹ bá ní Linux x86-64, ẹ kọ ètò C kékeré tó ń pe puts, kẹ́ ẹ fi `gcc -c` ṣe é, kẹ́ ẹ wá lo `objdump -dr` lórí fáìlì .o náà. Ẹ máa rí `e8 00 00 00 00`, àti lábẹ́ ẹ̀, `R_X86_64_PLT32 puts-0x4`. Òdo mẹ́jọ yẹn ni àyè òfìfo. Ẹ sì ti mọ ohun tí −4 ń ṣe níbẹ̀ báyìí.