Oṣù Wo Ló Yẹ Ká Lọ Gun Ìgbì Òkun?



Eré kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ilé wa ti ń fẹ́ràn báyìí. Wọ́n á dùbúlẹ̀ lórí pákó gígùn kan tó fúyẹ́, wọ́n á fi ọwọ́ tu omi lọ sínú òkun. Bí ìgbì bá ń bọ̀, wọ́n á dìde dúró lórí pákó náà, ìgbì á sì gbé wọn wá sí etí omi. Eré yìí kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Fíìmù Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 1966, The Endless Summer, fi ọ̀dọ́kùnrin méjì hàn tí wọ́n ń gun ìgbì kiri ayé. Wọ́n dé Senegal, Ghana àti Nàìjíríà. Lónìí, Tarkwa Bay, lẹ́nu ibi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté Èkó, ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣe é jù.

Bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ lọ, tàbí tí ẹgbẹ́ yín bá ń gbèrò ìgbafẹ́ etíkun, ẹ má tíì béèrè iye owó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: oṣù wo?

ÒJÒ ÀTI ÒKUN KÒ NÍ KÀLẸ́ŃDÀ KAN NÁÀ

Ọ̀pọ̀ wa rò pé bí òjò bá ti dá, òkun náà ti rọ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìgbì ńlá tó ń dé Èkó kì í ṣe ọmọ òjò Èkó. Ìjì líle tó ń jà lójú òkun Àtìláńtíìkì, ní gúúsù lọ́hùn-ún, ló ń bí i. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ni òtútù ń mú níbẹ̀, ìgbà náà ni ìjì ibẹ̀ sì ń le jù. Ìgbì á wá rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, fún ọjọ́ mélòó kan, kó tó kàn wá lára. Ó dà bíi tòmátì tí ẹ ń rà ní Mile 12: Òkè Ọya ni òjò ti bà á jẹ́, ọjà Èkó ni owó rẹ̀ ti ń gòkè.

Ìdí nìyí tí oṣù kẹjọ fi ń tan ènìyàn jẹ. Òjò á dáwọ́ dúró díẹ̀, ilé-ìwé á ti gba ọlidé, gbogbo ayé á fẹ́ lọ sétíkun. Bẹ́ẹ̀ òkun wà nínú agbára rẹ̀ gan-an. Oṣù kẹjọ 2012 ni òkun ya wọ etíkun Kuramo ní Victoria Island, tí ẹ̀mí sì ṣòfò.

BÍ ỌDÚN ṢE PÍN

Oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá: ìgbì ga, ó sì lágbára. Àkókò àwọn tó ti mọ̀ ọ́n gùn nìyí.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta: ìgbì kéré, ojú omi sì máa ń tẹ́jú, pàápàá láàárọ̀ tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ láti orí ilẹ̀. Àkókò ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àti àwọn ọmọdé nìyí.

Nígbàkigbà, òwúrọ̀ sàn ju ọ̀sán lọ, nítorí pé lọ́sàn-án ni afẹ́fẹ́ òkun ń da ojú omi rú.

Etíkun kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ o. Ní Dakar, ìgbì ńlá ń wá láti àríwá nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ń lọ síbẹ̀ kò gbọdọ̀ fi kàlẹ́ńdà Èkó lọ.

OWÓ ÀTI ÌMÚRA

Ẹ ka oṣù sẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ lọ ní oṣù kìíní, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fi owó pamọ́ láti oṣù keje, díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ̀yáwó wà fún ọjà tó lè san án padà. Ẹ má yá owó gbafẹ́.

Kò sí títì tó dé Tarkwa Bay, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni. Kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí ẹ sì ti padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ béèrè ibi tí ẹ máa sùn kí ẹ tó gbéra, nítorí pé wọ́n lé ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ kúrò nílé ní oṣù kìíní 2020.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pẹ̀lú: bí omi bá ń fa ènìyàn lọ sáàárín òkun, kó má bá a jà. Kó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, kó máa bá etíkun lọ títí omi á fi dẹ̀, kó tó kọjú sílẹ̀. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ gan-an gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo oṣù.