Mì, Gbọ̀n, Tẹ̀, Yẹ̀: Ọ̀rọ̀ Ìṣe àti Àìsàn Àgbá Ìléru Sìmẹ́ǹtì

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé: “Àgbá yìí ń mì ni, kì í ṣe pé ó ń gbọ̀n.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sínú ìwé ní èdè Faransé: *vibration*. Àwọn atúnṣe yẹ jíà wò fún ọjọ́ méjì, wọn kò rí nǹkan kan. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó sọnù nínú ìtumọ̀ yẹn.

Àgbá ìléru jẹ́ irin gígùn oníhò tí a fi bíríkì tẹ́ nínú. Ó dagun díẹ̀, bíi mítà 3 sí 4 nínú 100, ó sì ń yí díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a ń sun nínú rẹ̀ máa ń gbóná tó 1450°C. Òrùka irin ńláńlá yí i ká, wọ́n sì jókòó lórí róólà méjì-méjì. Jíà kékeré ló ń yí jíà ńlá tó wà lára rẹ̀.

*Mì* jẹ́ ìṣípòpadà tó rọra, ẹ̀ẹ̀kan ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ó ń fi hàn pé àgbá fúnra rẹ̀ ti *tẹ̀*: bíríkì já ní apá kan, tàbí wọ́n dá a dúró nígbà tó ṣì gbóná, tí òjò rọ̀ lé e, tí ẹnikẹ́ni kò yí i. Bí ibi tó tẹ̀ bá ti yí dé, òrùka á fẹ́ gbéra kúrò lórí róólà. *Gbọ̀n* yára, ó sì kéré, bí ara ẹni tí òtútù mú. Eyín jíà tó ti jẹ, tàbí tí kò bá ara wọn mu, ló sábà ń fà á.

*Yẹ̀* jẹ́ ti róólà. Bí róólà bá yẹ̀ díẹ̀, á máa ti àgbá sókè tàbí sísàlẹ̀, ojú irin á sì máa jẹ. Bí ìpìlẹ̀ kan bá *rì*, àgbá tó tọ́ pàápàá kò ní jókòó gún mọ́.

Bíríkì ló já nínú àgbá tí ẹ̀gbọ́n mi sọ. Ní gbogbo ọjọ́ méjì yẹn, iná ń jó ara irin lásán. Ìdí nìyí tí mo fi ń dábàá pé kí a máa kọ ọ̀rọ̀ ìṣe tí òṣìṣẹ́ lò gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Faransé.