Ẹ má gbé ọmọ lé itan mọ́: káà síìtì ṣeé so mọ́ mọ́tò àtijọ́

Gbogbo oṣù Kejìlá ni mo máa ń rí i. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London àti Manchester á dé, wọ́n á gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ wọ Àkókó, oníkálukú á yà sí ìlú rẹ̀: Ìkàrẹ́, Ọ̀kà, Àkùngbá, Etioro lọ́dọ̀ tiwa. Ọmọ tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kò gbọdọ̀ jókòó lásán nínú mọ́tò títí tó fi máa pé ọmọ ọdún 12 tàbí tó fi máa ga tó 135 sẹ̀ǹtímítà, orí itan màmá àgbà ló máa wà láti Èkó títí délé. Níwájú ni wọ́n tún máa ń jókòó sí o, ọmọ á máa fọwọ́ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù. Bàbá ọmọ yìí kan náà kò jẹ́ dán an wò ní Peckham láéláé. Ṣé ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìkàrẹ́ wá dáa ju ti Peckham lọ ni àbí kí ni?

Bí mo bá bi wọ́n, èsì tí wọ́n máa ń fún mi kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé ọwọ́ ìyá ló dáa jù fún ọmọ. Èkejì ni pé mọ́tò tí wọ́n gbé wálé ti pẹ́, káà síìtì kò lè bá a mu. Mo fẹ́ dá èsì méjèèjì lóhùn lónìí, ṣùgbọ́n èkejì ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí òun ló ń da àwọn èèyàn tó fẹ́ ṣe dáadáa láàmú.

Ti ọwọ́ ìyá ná. Ọmọ oṣù méje máa ń wọ̀n tó kílò mẹ́jọ. Bí mọ́tò tó ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan bá kọlu nǹkan tó sì dúró gbì, agbára tó máa ju ọmọ náà síwájú lè tó ìlọ́po ogún ìwọ̀n rẹ̀, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi mẹ́jọ lọ́nà ogún: 160 kílò. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50 kílò, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ méjì di àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta mú nígbà tí ara òun fúnra rẹ̀ ń fò lọ síwájú? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rárá. Àwọn kan ní àwọn máa ń fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo de ara àwọn àti ọmọ pọ̀. Ìyẹn tún burú jù, torí gbogbo ìwọ̀n ìyá ló máa tẹ ọmọ mọ́ bẹ́líìtì yẹn.

Àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, NHTSA, sọ pé nínú mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́, káà síìtì máa ń dín ikú ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kù ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin ní ìdá 54. Àwa tí à ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àkókó yìí, kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún wa. A kò tíì gbàgbé ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2021, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan já lójú ọ̀nà ní Àkùngbá, tó lọ ya lu àwọn èèyàn níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, tí ẹ̀mí ṣòfò, títí kan ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ lè máa rọra wa mọ́tò tiyín jẹ́ẹ́jẹ́ o. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ńkọ́?

Ó yá, ọ̀rọ̀ mọ́tò àtijọ́.

Àbúrò mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ọkọ rẹ̀ ra káà síìtì, ó gbé e dé inú Camry Pencil Light wọn, ó wá a títí, kò rí ibi tí irin ìdí rẹ̀ máa há sí. Ló bá gbé e padà sí pálọ̀, ọmọ wá ń sùn nínú ẹ̀ bíi pé àga lásán ni. Irin méjì tó ń wá, èyí tó máa ń wà láàárín ibi tí èèyàn ń fẹ̀yìn tì àti ibi tó ń jókòó lé, ni àwọn ará Yúróòpù ń pè ní ISOFIX, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní LATCH. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002 ni òfin Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo mọ́tò tuntun. Ti ọdún 1999 ni Camry tiwọn. Kò lè ní in.

Àmọ́ irin yẹn kọ́ ló ń gba ọmọ là. Ọdún 1964 ni Bertil Aldman, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Sweden, ti ṣe àpẹẹrẹ ìjókòó ọmọ tó kọjú sẹ́yìn, lẹ́yìn tó rí bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí àwọn awòfúrufú Amẹ́ríkà fẹ̀yìn lélẹ̀ kí agbára ìgbéra má bàa pa wọ́n lára. Gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ní òfin káà síìtì nígbà tó fi máa di 1985. Kò sí ISOFIX kankan nígbà náà. Bẹ́líìtì mọ́tò ni wọ́n fi ń so ó, bẹ́líìtì náà ló sì máa so tiyín. Bí wọ́n bá fà á le dáadáa, kò rẹlẹ̀ sí irin.

Nígbà tí wọ́n wálé sí Etioro, a ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò náà sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, a ní ká wo bẹ́líìtì ẹ̀yìn. A kò rí i. Ẹni tó ran lẹ́dà tuntun sí ìjókòó ti ran án bò ó mọ́lẹ̀. Mẹkáníìkì wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, báyìí ni ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ń gbé wá bá mi ṣe rí. Ta ló ń so bẹ́líìtì lẹ́yìn?” A tú ìjókòó náà, a gbé e sókè. A bá bíírò mẹ́ta, èèpo ẹ̀pà àti náírà márùn-ún tó ti gbó lábẹ́ rẹ̀, bẹ́líìtì náà sì wà níbẹ̀, eruku ti bò ó, ṣùgbọ́n kò já, kò sì fàya.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Ẹ yẹ okùn bẹ́líìtì wò láti òkè dé ilẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá ti ń tú, tí oòrùn ti jẹ ẹ́ tó ti le gbagidi, tàbí ẹnì kan ti fi abẹ́rẹ́ ran án, kì í ṣe bẹ́líìtì mọ́. Ẹ ki ahọ́n rẹ̀ bọ inú ilé rẹ̀, ẹ fà á tagbáratagbára, ẹ wò ó bóyá á yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fa bẹ́líìtì jáde díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa tán pátápátá, kí ẹ wá jẹ́ kó máa padà wọlé. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń dún ká-ká-ká, tí kò sì gbà kí ẹ fà á jáde mọ́, inú yín lè dùn: ó lè ti ara rẹ̀ pa. Láti orí mọ́tò ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí bẹ́líìtì èrò lè tì kó sì di káà síìtì mú, èyí ló jẹ́ kí Camry yẹn rọ̀ wá lọ́rùn. Ẹ kàn máa ki bẹ́líìtì gba ojú ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún un lára káà síìtì ni (ọ̀nà ti ìkọjúsẹ́yìn yàtọ̀ sí ti ìkọjúsíwájú, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀), ẹ ki ahọ́n rẹ̀ bọlé, ẹ fà á dé òpin kó lè tì, ẹ kúnlẹ̀ lé káà síìtì náà pẹ̀lú orúnkún, kí ẹ máa fa bẹ́líìtì bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ti àwọn tó ń wa Golf 3, Passat tàbí Primera tó wá láti Yúróòpù le díẹ̀. Bẹ́líìtì wọn kì í sábà tì àfi tí mọ́tò bá dúró lójijì. Bí wọ́n bá fi so káà síìtì, ìgbà tí mọ́tò bá máa fi yí kọ́nà díẹ̀, á ti tú. Àwọn káà síìtì kan ní ìdè tiwọn lára tó máa ń fún bẹ́líìtì pa. Bí tiyín kò bá ní, ẹ wá irin pẹlẹbẹ kékeré kan tó rí bíi lẹ́tà H, ó máa ń bá ọ̀pọ̀ káà síìtì Amẹ́ríkà wá. Ẹ so bẹ́líìtì le tán, ẹ fi ìka pa okùn rẹ̀ méjèèjì pọ̀ níbi ahọ́n kó má baà yọ́, ẹ tú ahọ́n kúrò nílé, ẹ fi irin H di okùn méjèèjì pọ̀, kó má jìnnà sí ahọ́n ju ínǹṣì kan lọ, kí ẹ wá tì í padà. Ìgbà àkọ́kọ́, èèyàn á làágùn. Ìgbà kẹta, ó ti mọ́ra.

Ẹ wá di káà síìtì mú níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, kì í ṣe lókè, ẹ mì ín sọ́tùn-ún, sósì. Bí ó bá lọ ju ínǹṣì kan lọ, ẹ tú u, ẹ tún un ṣe. Tiwa, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la tú u. Màmá wa jókòó sórí àpótí, wọ́n ń wò wá, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, mọ́tò lẹ ń so ni àbí ewúrẹ́?”

Ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò àtijọ́ sábà máa ń tẹ̀ wọ inú. Káà síìtì tó kọjú sẹ́yìn á wá nàró jù, orí ọmọ tuntun á ṣubú síwájú, àgbọ̀n rẹ̀ á kan àyà, kò ní lè mí dáadáa. Ìlà kan wà lára ọ̀pọ̀ káà síìtì tó yẹ kó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Táwẹ́lì tí wọ́n ká róbótó sábẹ́ ibi ẹsẹ̀ rẹ̀ tún tiwa ṣe, ìwé tó bá a wá sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ìwé yẹn o. Mo mọ̀ pé a kì í kà á.

Okùn tó máa ń wà lókè ẹ̀yìn káà síìtì ìkọjúsíwájú, ibi tí wọ́n ń fi kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí iléeṣẹ́ mọ́tò ṣe. Ẹnì kan ládùúgbò wa ní kí wẹ́dà bá wa jó irin mọ́ abẹ́ ibi ìfẹ̀yìntì. Rárá o. Irin ojú pálí tín-ín-rín ni wọ́n máa jó o mọ́, ọjọ́ tí agbára bá dé, á ya bíi bébà. Orí ibi ìgbórílé náà kọ́ ni wọ́n ń so ó mọ́. Bí mọ́tò kò bá ní ibi ìkọ́ rẹ̀, ẹ wá káà síìtì tí ìwé rẹ̀ sọ pé ó lè ṣiṣẹ́ láìsí okùn yẹn, kí ọmọ sì pẹ́ ní ìkọjúsẹ́yìn tó bí ó bá ti lè pẹ́ tó.

Iwájú mọ́tò ńkọ́? Bí mọ́tò bá ní airbag níwájú, tí kò sì sí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á, bí ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́ ṣe rí, káà síìtì tó kọjú sẹ́yìn kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Báàgì yẹn máa ń bú jáde lọ lu ẹ̀yìn káà síìtì níbi tí orí ọmọ wà gan-an. Kò sí àlàyé míì lórí ìyẹn.

Okùn èjìká ọmọ náà, ẹ fi ìka méjì gbìyànjú láti fún un pọ̀ lórí eegun èjìká rẹ̀. Bí ẹ bá rí aṣọ okùn kankan fún mú, kò tíì le tó. Ìborùn nípọnnípọn tí màmá fi wé ọmọ nígbà ọyẹ́, òkè okùn ni kó wà, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ ń rò: owó dà? Òótọ́ ni. Owó oṣù tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè yìí, ₦70,000, ọ̀pọ̀ káà síìtì tuntun tó dáa ju ìyẹn lọ. Tòkunbọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ yí i dojú dé, ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ parí. Èyí tó bá ti wà nínú ìjàǹbá rí kò wúlò mọ́ bó tilẹ̀ ń dán, ẹni tó ń tà á kò sì ní sọ fún yín. Tèmi ni pé kí á wo ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. A máa ń dá owó aṣọ ẹbí, a máa ń ra bẹ́ésìnnì àti ìkòkò oúnjẹ ọmọ mẹ́fà mẹ́fà tí wọn kì í lò tán. Kí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mẹ́wàá dá owó káà síìtì kan, kí ló burú ńbẹ̀? Ọmọ tó bá tẹ̀ lé e lè jogún rẹ̀, bí ọjọ́ rẹ̀ kò bá tíì kọjá.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ọdún 1988 ni wọ́n dá FRSC sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́, ọmọ Àkókó wa, Olú Agúnlóyè, sì ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Wọ́n fi ojú kan awakọ̀ títí tó fi ń so bẹ́líìtì, ó kéré tán bó bá rí wọn lókèèrè. Bí wọ́n bá dá mọ́tò dúró ní Ọ̀wọ̀, kí wọ́n wo itan màmá tó jókòó síwájú pẹ̀lú, kí wọ́n má kàn wo èjìká awakọ̀ nìkan.

Ẹni tí kò ní mọ́tò ńkọ́? Èyí tó fúyẹ́ ṣeé gbé wọ takisí, bí bẹ́líìtì bá wà lẹ́yìn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èrò mẹ́rin ni wọ́n máa ń kó sẹ́yìn, káà síìtì á gba àyè ẹnì kan. Nígbà tí Camry bàjẹ́, àbúrò mi gbé káà síìtì dé gáréèjì ní Ìkàrẹ́, ó ń lọ sí Àkúrẹ́. Awakọ̀ wò ó, ó ní, “Àǹtí, ṣé àga yìí máa sanwó ni?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun máa san owó èèyàn méjì. Ọkùnrin náà bọ́ọ̀lẹ̀, ó kó ẹrù kúrò lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wá bẹ́líìtì lábẹ́ fóòmù.