Ṣé O Mọ̀? Àwọn Ọ̀gá Ẹ̀ṣẹ́ Tí Wọn Ò Bá Ara Wọn Pàdé Rí

Tí ọ̀sán bá pọ́n ní Ọba Akran, ní Ìkẹjà, tí géètì ilé-iṣẹ́ sì ṣí, ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́wà aganyìn ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gbà lọ. Wọ́n á la búrẹ́dì Agége sí méjì, wọ́n á rọ ẹ̀wà sí i láàárín, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ ló délẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní Mike Tyson ọmọ 20 ọdún, èyí tó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Trevor Berbick ní 1986, á lu Anthony Joshua lulẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé. Bàbá wẹ́dà kan ò fèsì. Ó gbé búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀, ó na apá òsì gbọọrọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti iwájú orí ọmọkùnrin náà, ó ní kó wá gbá òun lẹ́ṣẹ̀ẹ́ níkùn. Ọmọ náà ju ọwọ́ títí, afẹ́fẹ́ ló ń gbá. Gbogbo wa hó yèè.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ò ti kúrò lọ́kàn mi. Báwo la ṣe lè wọn ọkùnrin méjì tí ikú àti ọjọ́ orí ò jẹ́ kí wọ́n dúró sínú okùn kan náà?

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti gbé irú ẹjọ́ yìí fún kọ̀ǹpútà dá rí? Ní 1967, ọkùnrin kan ní Miami tó ń jẹ́ Murray Woroner ṣa orúkọ ọ̀gá 16 jọ nínú ìpele àwọn tó wúwo jù lọ, ìyẹn héfíwéètì, òkú àti ààyè. Ó kó ìṣe wọn sínú ẹ̀rọ, ó ní kí ẹ̀rọ sọ ẹni tó máa na ẹni. Orí rédíò ni wọ́n ti ń ròyìn ìjà náà bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ níṣojú wọn. Rocky Marciano ló borí, Jack Dempsey ló nà kẹ́yìn. Ní ti Muhammad Ali, ẹ̀rọ ní James Jeffries, tó di ọ̀gá ayé ní 1899, ló nà án. Ali gba ilé ẹjọ́ lọ, ó ní kí Woroner san mílíọ̀nù kan dọ́là fún orúkọ òun tó bà jẹ́. Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pé kí Ali àti Marciano fúnra wọn wá ja ìjà náà níwájú kámẹ́rà.

Wọ́n jà á ní 1969. Wọ́n ti gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Ali nígbà yẹn torí pé ó kọ̀ láti lọ sógun Vietnam. Marciano ti fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀ láti 1956. Ó ní láti fọn, kó sì dé irun àtọwọ́dá sórí tó ti ń pá. Bí abala 70 ni wọ́n yà, ìṣẹ́jú kan kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ya òpin oríṣiríṣi. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún, ọkọ̀ òfurufú já pẹ̀lú Marciano ní Iowa, ó kú. Ọjọ́ kejì ni ì bá pé ẹni ọdún 46. Kò fojú kan fíìmù náà. Nígbà tó jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1970, àwọn ará Amẹ́ríkà rí i tí Marciano lu Ali lulẹ̀ ní abala 13. Nínú èyí tí wọ́n fi han àwọn ará Yúróòpù, Ali ló borí. Ẹ̀rọ kan, ìdájọ́ méjì! Mi ò lè gba irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Abala 13 yẹn gan-an, ṣé o mọ̀ pé kò sí i mọ́? Abala 15 ni wọ́n ń ja ìjà bẹ́líìtì láyé wọn. Ẹ̀yìn ìgbà tí Duk Koo Kim, ọmọ Kòríà, kú nítorí ìjà òun àti Ray Mancini ní 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e sí 12. Wá wò ó. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 1952, Jersey Joe Walcott ń fi máàkì ju Marciano lọ lójú gbogbo adájọ́. Ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kan ní abala 13 ló gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Joe Louis náà, ní 1941, ọwọ́ Billy Conn ni ìjà ń bọ̀ sí kí Louis tó lù ú sùn, ní abala 13 náà. Bó bá jẹ́ òfin tòní ni, Walcott ì bá gbé bẹ́líìtì rẹ̀ relé, Marciano ì bá má sì fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ìjà 49 tí ẹnikẹ́ni ò nà án nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mú Marciano wá bá Joshua, kó kọ́kọ́ sọ fún wa: abala mélòó?

Kó tún sọ ìwọ̀n. Kílò 85 ni Marciano nínú ìjà rẹ̀ tó kẹ́yìn ní 1955. Lónìí, wọn ò ní í kà á mọ́ héfíwéètì rárá, ìpele tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n á fi í sí. Kílò 113 ni Joshua lọ́jọ́ tó pàdé Wladimir Klitschko ní 2017. Ohun tó fi ju Marciano lọ ju ìlàjì àpò sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó bá ti ru sìmẹ́ǹtì rí ní Agége mọ ohun tí ìlàjì àpò máa fojú èèyàn rí fún odidi abala 12, ìṣẹ́jú 36.

Ẹ̀rí tí mo gbà ju ti kọ̀ǹpútà lọ ni ti ẹni tó ti jẹ ẹ̀ṣẹ́ Marciano àti ti Ali. Ṣé o mọ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà? Archie Moore lu Marciano lulẹ̀ ní abala kejì ní 1955, kí Marciano tó dìde, tó sì lù ú sùn ní abala kẹsàn-án. Ọdún méje lẹ́yìn náà, Moore yìí kan náà kojú Ali. Ali ti sọ tẹ́lẹ̀ pé abala kẹrin ni òun máa parí rẹ̀, abala kẹrin náà ló parí rẹ̀. Àmọ́ má tíì fò sókè: Moore ti pé 45, ó kéré tán. Egungun tí Marciano lù kọ́ ni Ali lù.

Ali fúnra rẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ Ìkẹjà wa yìí. Pápákọ̀ òfurufú ibí ló gbà wọ Èkó ní oṣù Òkúdù 1964, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Sonny Liston. Ó gé ìrìn àjò náà kúrú, ó forí lé Íjíbítì, ó sì dun ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní 1980, ó tún padà wá. Ààrẹ Jimmy Carter ló rán an, pé kó bẹ àwọn ìjọba Áfíríkà kí wọ́n má lọ sí Òlíḿpíìkì ní Moscow. Ààrẹ Shehu Shagari ò gbà láti rí i.

Ìjà Ali àti George Foreman ní Kinshasa ńkọ́, ọjọ́ 30 oṣù Ọ̀wàrà 1974? Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n jà á, kí àwọn ará Amẹ́ríkà lè rí i lálẹ́ tiwọn. Aago Kinshasa àti aago Agége kò sì yàtọ̀. Nígbà tí Foreman ṣubú ní abala kẹjọ, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ní Ìkẹjà kò tíì ṣíwọ́.

Foreman yẹn ló lu Joe Frazier lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín abala méjì ní 1973. Frazier yẹn ló na Ali ní 1971. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá ṣeé fi ìṣirò ṣe, kò yẹ kí Ali ta pútú lọ́wọ́ Foreman. Bí ọkùnrin kan ṣe ń jà lè jẹ́ oògùn ẹnì kan kó sì jẹ́ májèlé fún ẹlòmíràn.

Foreman náà ni ọkùnrin kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó gbé ara rẹ̀ láti sáà kan bọ́ sí òmíràn, tó sì gba adé níbẹ̀. Ní oṣù Bélú 1994, lẹ́ni ọdún 45, ó wọ ṣòkòtò pupa tó wọ̀ ní Kinshasa, ó lọ bá Michael Moorer. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Moorer nígbà ìjà Kinshasa! Moorer ń nà án bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, àfìgbà tí ọ̀tún kan bà á lágbọ̀n ní abala kẹwàá.

Tiwa tó jọ ọ́ dùn mí. Ní 1997, Ike Ibeabuchi àti David Tua ju ẹ̀ṣẹ́ 1,730 síra wọn nínú abala 12. Kò tíì sí irú rẹ̀ rí nínú àkọsílẹ̀ ìpele héfíwéètì. Ní 1999, Ibeabuchi kúrò lójú ìjà, ẹ̀wọ̀n sì gba ọdún tó yẹ kó fi jẹ́ ọ̀gá. Nígbà tó padà jà, tó sì borí, Èkó níbí ni, ní oṣù Ògún 2025. Ó ti pé ẹni ọdún 52.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ló kù. Ṣé o mọ̀ pé Samuel Peter, ọmọ Akwa Ibom, àti Anthony Joshua, ọmọ Ṣágámù, jọ lu ọkùnrin kan náà lulẹ̀, iye ìgbà kan náà? Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2005, ní Atlantic City, Peter lu Wladimir Klitschko lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní abala karùn-ún, ó tún lù ú lulẹ̀ ní abala kẹwàá. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Síbẹ̀, Klitschko fi máàkì borí, 114 sí 111 lọ́wọ́ adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní oṣù Igbe 2017, ní Wembley, níṣojú èèyàn 90,000, Joshua lù ú lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní abala karùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì ní abala kọkànlá. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà nìyẹn, rẹfirí sì dá ìjà dúró.

Joshua ló parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 29 ni Klitschko tí Peter bá jà, ẹni ọdún 41 ni ti Joshua, ó sì ti tó oṣù 17 tó ti jà kẹ́yìn. Síbẹ̀, ó lu Joshua pàápàá lulẹ̀ ní abala kẹfà. Nítorí náà, bí mo bá mú Peter ọdún 2008, tó gba bẹ́líìtì WBC lọ́wọ́ Oleg Maskaev ní Cancún, tí mo gbé e síwájú Joshua ọdún 2017, ẹ̀rù máa bà mí fún Joshua ní abala mẹ́rin àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, gíga mítà 1.98 yẹn àti òsì gbọọrọ yẹn á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Joshua, abala kẹsàn-án. Bí mo ṣe dá a nìyẹn.

Mo gbé ìdájọ́ mi lọ sí Ọba Akran. Bàbá wẹ́dà gbọ́ mi tán, ó nu epo ẹ̀wà kúrò lọ́wọ́, ó ní kí n na apá òsì mi bí òun ṣe nà án lọ́jọ́sí. Mo nà án. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gba òkè apá mi kọjá, ó sì gbé ìkúùkù rẹ̀ jẹ́jẹ́ lé mi létí.

"Peter," ló wí. Fèrè ilé-iṣẹ́ dún, ó gbé fìlà rẹ̀, ó wọlé.