Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Títo Kọ̀ǹpútà Olómi: Ìṣòro Ooru, Wáyà àti Àwọ̀

1. Ìfáárà

Ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì. Wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Orúkọ náà kì í ṣe ìtumọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ọpọ́n ni ohun pẹlẹbẹ tí babaláwo ń tẹ Ifá sí lójú, tí ìmọ̀ sì ń ti ibẹ̀ wá. Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́ orúkọ yìí ti ní òye ìrísí ẹ̀rọ náà àti iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó fojú kàn án. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ RLG Adulawo sílẹ̀ ní Iléṣà láti máa to kọ̀ǹpútà àti fóònù pọ̀. Títo kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun àjèjì, nígbà náà, ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Irú kọ̀ǹpútà kan ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí: kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ẹni tí ó ni ín fúnra rẹ̀ tò, tí omi ń yí kiri inú rẹ̀ láti kó ooru jáde, tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kan náà, tí wáyà rẹ̀ sì wà létòlétò. Ọ̀pọ̀ ìlànà títo rẹ̀ ni wọ́n kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ ní láti yan ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò bá sì bá a mu lè jó ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ibi mẹ́ta ni ewu náà ti hàn jù: ooru, orúkọ àwọn ẹ̀yà, àti àwọ̀.

2. Tutù àti kó ooru

Orúkọ tí ó máa ń kọ́kọ́ sáré wá sí ẹnu olùtumọ̀ ni "kọ̀ǹpútà tútù". Ìṣòro méjì ni ó wà nínú orúkọ yìí.

Èkíní ni pé ìtumọ̀ tutù kò mọ sí òdìkejì gbóná. Aṣọ tútù ni aṣọ tí omi wà lára rẹ̀. Igi tútù ni igi tí kò tíì gbẹ. Ẹran tútù ni ẹran tí iná kò tíì kàn. Ní Òṣogbo, níbi tí àwọn olùsìn Ọ̀ṣun ti ń bu omi lódò, omi tútù tún ru ìtumọ̀ ìtura àti àlàáfíà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ "kọ̀ǹpútà tútù" lè rò pé kọ̀ǹpútà tí omi rin ni. Bẹ́ẹ̀ ohun kan tí kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ jẹ́ nìyẹn.

Èkejì ni pé omi kì í mú otútù wá. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń jẹ iná mànàmáná, gbogbo iná tí ó bá jẹ ni ó sì ń di ooru. Òmíràn ń jẹ 65 watt, òmíràn ń jẹ ju 200 lọ. Omi kàn ń gba ooru náà lára ọpọlọ ni, ó ń gbé e lọ sí rédíétọ̀, fáànù sì ń fẹ́ ẹ dà sínú afẹ́fẹ́ yàrá. Nítorí èyí, omi náà kò lè tutù ju yàrá tí ẹ̀rọ wà lọ. Ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ní Òṣogbo máa ń gbóná ju ìwọ̀n Celsius 30 lọ; omi inú ẹ̀rọ náà yóò gbóná jù bẹ́ẹ̀. Èrè rẹ̀ ni pé ọpọlọ náà kò ní tètè dé ìwọ̀n bí 95 tàbí 100, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń dín eré ara wọn kù kí wọn má baà jó.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá iṣẹ́ omi yìí mu ni kó. Láti ara kó ooru ni èdè ti lè fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀dá ìkóoru, orúkọ iṣẹ́ náà, àti akóoru, orúkọ ohun tí ń ṣe é. Ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà ṣe é yóò wá jẹ́ ìkóoru aláfẹ́fẹ́ àti ìkóoru olómi. Ìdí tí wọ́n fi ń yan ti omi hàn nínú orúkọ náà: bí afẹ́fẹ́ àti omi bá kún ife kan náà, ooru tí omi lè gbà kí ó tó gbóná dé ìwọ̀n kan ju ti afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 3,000.

Omi akóoru tún yanjú ìṣòro mìíràn. Bí olùkọ́ bá wí pé "bu omi sí i," omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò bù. Iyọ̀ ilẹ̀ wà nínú omi bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń dí ojú ọ̀nà tóóró. Omi akóoru ni omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì fi oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà tàbí kí ewédò hù sí i. Síbẹ̀, bí bàbà àti aluminium bá jọ wà nínú omi kan náà, ọ̀kan yóò máa jẹ èkejì. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú.

3. Orúkọ àwọn ẹ̀yà

Àwọn mẹkáníìkì Òṣogbo àti Iléṣà ti mọ ìkóoru olómi tipẹ́, nítorí pé òun ni ó wà nínú mọ́tò. Wọ́n ní rédíétọ̀, pọ́ǹpù, rọ́bà, kílípù àti fáànù lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ àyálò ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí oníṣẹ́-ọwọ́ ti sọ di tirẹ̀ kò yẹ kí ọ̀mọ̀wé jù nù kí ó lọ ṣẹ̀dá gbólóhùn gígùn rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ó kù fún olùṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ ni àwọn ẹ̀yà tí mẹkáníìkì kò ní. Àwọn wọ̀nyí ni a lè dábàá:

Ìyá-pátákó: pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́. Ó lè dàbí ẹ̀dà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán, ṣùgbọ́n Yorùbá ti ń pe aṣáájú nínú ọ̀wọ́ ohun ní ìyá tipẹ́tipẹ́; ìyá ìlù ni ó ń darí omele. Ìbáṣepọ̀ kan náà ni ó wà níhìn-ín.

Àwo akóoru: àwo bàbà tí ó jókòó lé ọpọlọ, tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ìpara: ohun rírọ̀ tí wọ́n ń fi sáàárín ọpọlọ àti àwo akóoru kí afẹ́fẹ́ má baà sé ooru mọ́. Díẹ̀ ni ó ń fẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìpara ara.

Àmù: ohun tí omi ń dúró sí kí pọ́ǹpù tó fà á. Nínú ilé, àmù ni omi ti ń silẹ̀. Nínú ẹ̀rọ yìí, ibẹ̀ ni atẹ́gùn inú omi ti ń yọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń bu omi kún un. Àmù gbọ́dọ̀ ga ju pọ́ǹpù lọ, kí omi lè máa sọ̀ kalẹ̀ bá a.

Àpótí iná: èyí tí ń gba iná ilé, tí ń sọ ọ́ di iná kékeré tí kọ̀ǹpútà lè jẹ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Iléṣà tí ń pe ilé ní ulé nínú ẹ̀ka-èdè wọn lè fi u ṣe àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ bí ìkóoru. Èyí kò ba òye jẹ́. Nínú ìwé nìkan ni ó ti yẹ kí wọ́n tẹ̀lé àkọtọ́ àjùmọ̀lò.

4. Wáyà

Wáyà tí ó ta kókó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà, ó sì ń mú kí àtúnṣe ṣòro. Okùn wáyà tí ó tóbi jù láti inú àpótí iná sí ìyá-pátákó ní ihò 24. Àwọn tí ń to ẹ̀rọ yìí máa ń gba wáyà kọjá ẹ̀yìn ìyá-pátákó, wọn a sì fi ohun eléyín kékeré kan ya wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n lè tò gbọọrọ.

Ọ̀dọ̀ onídìrí ni ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí wà. Ohun eléyín náà kò yàtọ̀ sí òòyà. Òòyà wáyà ni orúkọ tí ó tọ́ sí i. Onídìrí mọ̀ pé yíya irun yàtọ̀ sí dídì í. Bákan náà, yíya wáyà ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró láyè ara rẹ̀. Dídì wáyà ni kí wọ́n kó wọn jọ kí wọ́n sì fi okùn so wọ́n. Ẹni tí ó bá dì wọ́n kí ó tó yà wọ́n yóò tú u palẹ̀ lẹ́yìn náà. Olùkọ́ tí ó bá fi "tún wáyà ṣe" rọ́pò ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tíì sọ èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú.

5. Pupa mẹ́ta, dúdú mẹ́ta

Ìṣòro tí ó le jù ni ti àwọ̀. Ní ọdún 1995 ni ilé-iṣẹ́ Intel gbé ìlànà ATX jáde. Nínú ìlànà yìí, àwọ̀ wáyà ni ó ń sọ agbára iná inú rẹ̀. Wáyà tí ó dà bí ìyeyè ń gbé 12 volt. Èyí tí ó dà bí ẹ̀jẹ̀ ń gbé 5 volt. Èyí tí ó dà bí epo ń gbé 3.3 volt. Èyí tí ó dà bí èédú ni wáyà ilẹ̀. Èyí tí ó dà bí ewé ni wọ́n ń fi tan àpótí iná. Èyí tí ó dà bí ìyẹ́ àlùkò sì ń gbé 5 volt nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ pé kọ̀ǹpútà wà ní pípa.

Àwọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́ta ni Yorùbá ní: funfun, pupa àti dúdú. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, pupa ni wáyà mẹ́ta àkọ́kọ́, dúdú sì ni mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e. Olùtumọ̀ tí ó bá kọ "wáyà pupa" kò ṣẹ̀ sí òfin èdè, ṣùgbọ́n ó ti fi ẹ̀yà tí ń fẹ́ 5 volt sínú ewu 12 volt.

Ìdánwò jíjò fi ewu kejì hàn. Kí wọ́n tó tan kọ̀ǹpútà olómi, wọ́n máa ń jẹ́ kí pọ́ǹpù nìkan ṣiṣẹ́, nígbà mìíràn fún wákàtí 24, pẹ̀lú bébà tí ń fa omi lábẹ́ gbogbo oríkèé, láti mọ̀ bí omi bá ń jò. Kí àpótí iná lè tàn láìsí pé ó so mọ́ ìyá-pátákó, wọ́n ń fi wáyà kékeré so èyí tí ó dà bí ewé pọ̀ mọ́ wáyà ilẹ̀. Bí ìwé bá sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ "so wáyà dúdú mọ́ dúdú," ó lè mú ti àlùkò dípò ti ewé, iná 5 volt yóò sì já sí ilẹ̀ tààrà. Àpótí iná tí ó dára yóò pa ara rẹ̀; èyí tí kò dára lè jó.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ojú Yorùbá kò mọ àwọ̀. Ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo, aláró sì mọ̀ pé iye ìgbà tí aṣọ wọ inú ìkòkò aró ni ó ń sọ bí yóò ti dú tó. Àwọn ahunṣọ ya ẹtù, àlàárì àti sányán sọ́tọ̀ láìsí àríyànjiyàn. Ohun tí a fojú rí ni wọ́n fi ń sọ àwọ̀, ọ̀nà yìí náà ni ó yẹ kí èdè-ìperí tọ̀: àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ epo, àwọ̀ èédú, àwọ̀ ewé, àwọ̀ àlùkò. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ti lo àlùkò fún aṣọ ọba ṣáájú. Àwọ̀ ọsàn tí àwọn kan ń lò dípò àwọ̀ epo kò ṣeé gbára lé, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọsàn tí ó pọ́n lọ́jà Iléṣà ni èèpo rẹ̀ ṣì dà bí ewé.

6. Àǹkóò: àwọ̀ àmì àti àwọ̀ ẹ̀ṣọ́

Kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kan náà ti ní orúkọ nílẹ̀. Àǹkóò ni wọ́n ń pe aṣọ bẹ́ẹ̀ níbi ayẹyẹ. Kọ̀ǹpútà àǹkóò kò ní ṣòroó yé ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti ẹtù lè fi àwọ̀ aró dúdú sí rọ́bà, wáyà àti fáànù. Iná wínníwínní inú irú ẹ̀rọ yìí ń gba nọ́ńbà mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255, àpapọ̀ àwọ̀ tí ó lè tàn sì jẹ́ 16,777,216. Kò sí èdè kankan tí ó ní orúkọ fún gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n àǹkóò ń bo àmì. Bí wọ́n bá fi aṣọ àwọ̀ kan wọ gbogbo wáyà, ìyeyè, ẹ̀jẹ̀ àti epo ti parẹ́. Ọ̀pọ̀ àpótí iná òde òní pàápàá ń jáde pẹ̀lú wáyà àwọ̀ èédú nìkan. Nítorí náà ó yẹ kí olùkọ́ ya àwọ̀ àmì, tí ń sọ ohun tí ó wà nínú wáyà, sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ẹ̀ṣọ́, tí ń dá ojú lọ́rùn. Níbi tí àwọ̀ àmì kò bá sí, ipò ihò ni kí wọ́n fi kọ́ni: nínú ihò 24 náà, ihò 16 ni wọ́n ń fi tan àpótí iná, ihò 17 jẹ́ ti ilẹ̀, ihò 9 sì ni 5 volt tí kì í sùn.

7. Ìkádìí

Ìdìpọ̀ méjèèjì Èdè-Ìperí Yorùbá, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, wà fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ ń fẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí dábàá, omi akóoru, àmù àti òòyà wáyà lè wọ kíláàsì lọ́la. Àwọn orúkọ àwọ̀ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dán wò: kí olùkọ́ tẹ́ wáyà mẹ́fà sílẹ̀ láìsí iná nínú wọn, kí ó pe orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá, kí ó sì wo èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú. Orúkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá fi mú wáyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò tíì yẹ fún ìwé.