Ẹ Gbé Ẹní Tiyín Wò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìwà ọmọ aráyé, ẹ má wulẹ̀ wò ó lọ́jọ́ ìkómọ tàbí ọjọ́ ọdún. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni rere ni gbogbo wa. Ẹ dúró di ọjọ́ tí nǹkan bá wọ́n. Tíṣà ni mí nílùú Awẹ́ yìí, àwọn ọmọ sì ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2023, èmi gan-an ni mo di ọmọ ilé-ìwé.

Ẹ kò ní í tíì gbàgbé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó N200, N500 àti N1,000. Wọ́n fún wa di ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023 láti dá ti àtijọ́ padà. Nígbà tó yá, wọ́n sún un di ọjọ́ 10 oṣù kejì. A dá ti àtijọ́ padà, tuntun kò tó nǹkan. Ẹni tó lówó ní báǹkì wá dà bí ẹni tó jókòó létí odò tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ẹ̀kọ́ kìíní: owó pàápàá ṣeé tà bí èlùbọ́. Oní-POS ń gba N2,000 kó tó ka N10,000 fún wa. A pè é lólè.

Ẹ̀kọ́ kejì: obìnrin onígaàrí àdúgbò wa, tó bú u jù wá lọ láàárọ̀, ti ń ta gaàrí ní iye méjì kó tó di ọ̀sán: iye kan fún ẹni tó mú owó lọ́wọ́, iye tó ga ju ìyẹn lọ fún ẹni tí yóò fi fóònù sanwó. Bí wọ́n bá rẹ́ wa jẹ, olè ni wọ́n. Bí àwa bá rẹ́ni jẹ, ọjà ló rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta: ọjọ́ orí a máa kúrú níwájú owó. Àwọn bàbá arúgbó ń pe ọmọdékùnrin oní-POS ní "ọ̀gá", wọ́n ń béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀ tí wọn kò mọ̀ rí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di òpin ọdún. Bí owó ti ń padà sígboro, "ọ̀gá" tún di "ìwọ ọmọ yìí".

Ẹ má rò pé mo jókòó sókè tí mò ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì náà, ìyá àgbà kan kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ mi, jọ̀wọ́, ara ọmọ-ọmọ mi ń gbóná. Ọlọ́kadà ní òun kò gba owó orí fóònù. Yá mi ní N1,000 kí n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́."

N6,000 wà lábẹ́ ẹní mi, èyí tí mo tò fún wákàtí márùn-ún kí n tó rí i. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin náà mọ bí ìlú ti rí. Kò sí o. Ọlọ́run yóò wò ó sàn." Nínú gbogbo ọ̀wọ́n ọdún náà, àdúrà nìkan ni kò wọ́n.

Ta ló fún ìyá yìí lówó? Onígaàrí oníye-méjì ni. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó ka N1,000 sí i lọ́wọ́, kò sì béèrè èlé. Ọmọ náà yè. Nígbà tí ìyá àgbà pàdé mi lọ́jọ́ kejì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún àdúrà.

Ẹ̀kọ́ kẹrin nìyẹn, òun ló sì dùn mí jù: ẹni tí a ti kà sí ọ̀kánjúwà lè ṣe ohun tí olùkọ́ni-níwà kò lè ṣe.

Láti ìgbà náà, bí àwọn ènìyàn bá ń bú Báǹkì Àpapọ̀ pé ó há owó mọ́wọ́, n kì í dá sí i. Èmi náà ní báǹkì àpapọ̀ kékeré kan lábẹ́ ẹní. Ọ̀wọ́n kò sọ wá dà. Aṣọ ló ká kúrò lára wa. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ẹ tó fi tíṣà rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ gbé ẹní tiyín wò.